Eruku Ara Aṣọ Bàbá

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Olójé. Bátìrì ọkọ̀ tó ti kú ló ń là. Á da ásíìdì inú rẹ̀ sí gọ́tà, á sì yọ́ òjé rẹ̀ nínú ìkòkò irin lẹ́yìn ilé, níbi tí èéfín ti ń gba ojú fèrèsé wọlé. Kì í lọ sílé Ọlọ́run. Ó ní àwọn tó ń lọ kò sàn ju òun lọ.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ọmọ ọdún mẹ́fà. Bí bàbá bá ti ti ẹ̀yìnkùlé wọlé nírọ̀lẹ́, ọmọ á sáré dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, á fi ojú nu ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá á gbé e, ó di orí bẹ́ẹ̀dì. Ayọ̀ àwọn méjèèjì lójúmọ́ nìyẹn.

Nígbà tó yá, inú ń run ọmọ. Wọ́n fún un ní oògùn aràn. Ẹ̀jẹ̀ gbẹ lójú rẹ̀, wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀. Kò jẹun mọ́, wọ́n fún un ní oògùn ibà. Lẹ́tà tó ti ń kà bí ẹni mumi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sọnù lórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá, kí ló tẹ̀lé D?" ló béèrè lọ́jọ́ kan. Olójé gbé e mọ́ àyà.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ìyá yìí ní ìṣe kan tó ń bí Olójé nínú. Gẹ́rẹ́ tí bàbá bá gbé ọmọ sílẹ̀, ìyá á fà á lọ sídìí omi, á fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ojú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á sì máa lọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ìyá, kí lẹ̀ ń sọ sí ọmọ mi lórí?"

"Orin ìyìn ni. Ìwọ náà wá kí n fọ̀ ẹ́, o dúdú bí ìdí ìkòkò!"

Olójé kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ìyá ń fọ ọpọlọ ọmọ dànù. Lọ́sàn-án gangan, ó gbé àpò ìyá síta, ó pè é ní àjẹ́ lójú gbogbo aládùúgbò. Ìyá kò bá a jà. "Ẹ ṣáà bá mi máa fọ ọwọ́ ọmọ," ló wí, ó sì ń lọ.

Oṣù yẹn kò pé tí gìrì fi mú ọmọ.

"Ṣé ẹ rí i?" ni Olójé wí. "Ó ṣì ń ti ọ̀nà jíjìn bá a jà!"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tí wọ́n jọ yọ́ òjé rí kó tó di káfíńtà àti ọmọlẹ́yìn Jésù, ló gbé ọmọ náà dé iwájú dókítà obìnrin kan. Dókítà yìí kò béèrè ibi tó ń dun ọmọ nìkan.

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe, Bàbá? Níbo lọmọ ti ń ṣeré? Aṣọ iṣẹ́ yín ńkọ́, ibo lẹ ti ń bọ́ ọ?"

"Dókítà, ọmọ ló ń ṣàìsàn, kì í ṣe aṣọ mi."

"Ẹ ṣáà dá mi lóhùn."

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò. Òjé ló kún inú rẹ̀, májèlé tó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Dókítà dá a dúró kí wọ́n lè máa fi oògùn fa òjé náà jáde. Ó ní, "Ẹ lọ fi aṣọ funfun tútù nu ilẹ̀ ilé yín, kí ẹ wo ọ̀nà tó ń gbà wọlé."

Olójé àti káfíńtà padà sílé. Oòrùn ń ràn sínú yàrá. Olójé kúnlẹ̀, ó nu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, aṣọ náà dúdú. Ìgbà náà ló rí wọn: ipasẹ̀ bàtà láti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn títí dé ìdí bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Àtẹ́lẹwọ́ kékeré sì wà lára ògiri lókè ìrọ̀rí, gbogbo rẹ̀ rí bí eérú.

Ó gbé ẹsẹ̀ lé ipasẹ̀ kan. Ó bá a mu rẹ́gí.

"Èmi ni," ló wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Èmi ni mò ń wọlé tọ ọmọ mi lójoojúmọ́. Ìyá ló ń fọ̀ mí kúrò lára rẹ̀." Ó wojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. "O sọ fún mi pé òjé léwu nígbà tí o ń fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀."

"Mo sọ."

"Kí ni mo fi dá ọ lóhùn?"

"O ní ṣé òjé léyín ni."

Olójé wo ọwọ́ ara rẹ̀ pẹ́. "Omi wo ló máa fọ eléyìí?"

"Kò sómi tó lè fọ̀ ọ́," ni káfíńtà wí. "Dókítà wá gbòǹgbò àìsàn ọmọ, ó rí i. Gbòǹgbò tìẹ ni pé o kò fẹ́ kí ẹ̀bi jẹ́ tìẹ. Èmi náà wà bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀jẹ̀ Jésù ló wẹ̀ mí. Bá a sọ̀rọ̀."

Lórí ilẹ̀ yẹn gan-an ni Olójé ti ké pe Ọlọ́run tí ó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ó jẹ́wọ́ ohun gbogbo, kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni mọ́.

Ó sì tọ ìyá lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Ìyá, èmi ni àjẹ́ ilé mi."

Ìyá sún mọ́ ọn. "Ṣé o ti wẹ̀?"

"Mo ti wẹ̀, Ìyá."

"Ó dáa. Gbé àpò mi."

Èmi kò ní parọ́ fún ọ. Olójé fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé lọ jìnnà, ọmọ sì yè. Ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà kan kò padà wá. Bí ọmọ bá ń wá ọ̀rọ̀ tó sọnù, omi á lé ròrò lójú bàbá tó jókòó tì í. Ọlọ́run ti dárí jì í. Síbẹ̀, ọjọ́ tó fi jáfara kò ṣeé pè padà.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ta lo ń dá lẹ́bi fún ohun tó ń ba ilé rẹ jẹ́? Ó lè jẹ́ ìbínú rẹ ni, tàbí ọtí, tàbí àgbèrè tí o rò pé o bọ́ sílẹ̀ lóde kí o tó wọlé. Ó ń bá ọ wọlé, ọ̀rẹ́ mi. Ó ń kan àwọn tí o fẹ́ràn jù lọ.

Jésù kò tíì lé ẹnikẹ́ni tó wá jẹ́wọ́ padà rí. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí. Má sọ pé ó dọ̀la. Ìwọ lè rò pé o lè dúró, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ń pa lára nínú ilé kò lè dúró dè ọ́.