Okùn-Ààyè Inú Orúnkún Fadérera

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n gbin okùn-ààyè sí orúnkún Fadérera, ó bọ́ sílẹ̀ lórí ibùsùn, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ká a, ó sì sáré yí ilé ìwòsàn po lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Ìyá rẹ̀, Dókítà Tinúọlá, ẹni tó ṣe okùn náà, dúró lẹ́nu ọ̀nà, omijé ayọ̀ bò ó lójú. Ìyá Àgbà Ṣíjúadé, tó bí Tinúọlá, nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

Láyé ìgbà náà, wákàtí mẹ́rin péré ni ọkọ̀ òfuurufú ń lò láti ìlú Òkè-Ìyẹ̀ dé òṣùpá, ẹ̀rọ ló sì ń roko fún gbogbo ìlú. Síbẹ̀, kò sí ohun tó ń kó èèyàn jọ ní ọjọ́ Sátidé bí eré ọ̀pá-àwọ̀n, èyí tí àwọn baba ńlá wọn kọ́ lọ́wọ́ àwọn ará òkè òkun tí wọ́n ń pè é ní lakurọ́ọ̀sì. Ẹni mẹ́wàá ń kojú ẹni mẹ́wàá. Oníkálukú di ọ̀pá gígùn tí àpò àwọ̀n wà lórí rẹ̀ mú, wọ́n ń fi gba bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré tó le bí òkúta, wọ́n sì ń fi jù ú sílé. Eré sísá ni, eré ìkọlura ni. Fadérera, ọmọ ọdún méjìlélógún, ló ń ju góòlù sílé jù ní Òkè-Ìyẹ̀. Níbi tó ti fẹ́ yí bírí mọ́ ẹni tó ń lé e lọ́wọ́ ni iṣan inú orúnkún rẹ̀ ti já.

Ogójì ọdún ni Ìyá Àgbà fi tọ́jú àwọn eléré tó fara pa. Nígbà tó fọwọ́ kan orúnkún náà, ó ní yóò gba oṣù mẹ́sàn-án kó tó san. Kí wíwú kọ́kọ́ rọ̀. Kí ẹsẹ̀ ká, kó sì nà tán. Kí itan padà ní agbára. Kó rìn, kó sáré gbọọrọ, kó tó sáré yí bírí. Kó di ọ̀pá mú láìsí ẹni tó ń kọ lù ú. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni kó tó wọ pápá.

Tinúọlá ní ọjọ́ mẹ́sàn-án ti tó.

"Màámi, ẹ wo ọmọ yín!" ó pariwo lọ́jọ́ náà. "Ẹ ò rí i bó ṣe ń sáré?"

"Mo rí i. Ṣé kò dùn ún?"

"Kò dùn ún rárá. Oje okùn-ààyè máa ń pa ìrora lẹ́nu mọ́."

"Ti orúnkún nìkan ni, àbí ti gbogbo ara?"

"Ti gbogbo ara ni, Màámi. Fún oṣù mẹ́ta péré."

Inú ẹ̀jẹ̀ Fadérera fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti mú irúgbìn okùn náà, wọ́n sì tọ́ ọ nínú omi iyọ̀ títí tó fi dàgbà. Ohun ẹlẹ́mìí ni, tó ń rọ́pò iṣan tó já. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé bí ìrora bá wà lára, ara kì í gbà á. Ìdí nìyí tí Tinúọlá fi fún un ní oje kan tó ń pa ìrora mọ́ láti àtàǹpàkò dé àtàrí.

"Ọmọ tí kò lè sunkún," ni Ìyá Àgbà wí, "báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé ebi ń pa á?"

Tinúọlá rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ ìyá rẹ̀.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Fadérera padà sí pápá. Nínú ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá, bọ́ọ̀lù kan fò wá, ó bá akoto rẹ̀ lẹ́bàá etí. Ó ṣubú. Ó dìde, ó gbọn koríko kúrò lára, ó sì ju góòlù méjì sílé.

Nígbà tí wọ́n délé, ó bèèrè lọ́wọ́ Ìyá Àgbà pé kí ni wọ́n fẹ́ jẹ. Ìyá Àgbà dá a lóhùn. Kò pẹ́, ó tún bèèrè bí ẹni tí kò bèèrè rí.

Ìyá Àgbà wá Tinúọlá lọ sínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀. "Bọ́ọ̀lù yẹn ti ṣe orí ọmọ yìí léṣe. Jẹ́ kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Àṣekágbá ku ọjọ́ méje, Màámi."

"Mo mọ̀."

Tinúọlá pe ọmọ náà. "Ṣé orí ń fọ́ ọ?"

"Rárá o."

"Ṣé òòyì ń kọ́ ọ?"

"Ara mi dá ṣáṣá, Màámi." Ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà. "Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Láti kékeré ni mo ti ń retí ọjọ́ yìí. Àmọ́ bí Màámi bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ."

Ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Lọ," ni Tinúọlá wí.

Nínú àṣekágbá náà, èjìká ẹnìkan kàn án láyà. Ìkọlù náà kò le. Adájọ́ eré kò tilẹ̀ fun fèrè. Fadérera kò ṣubú. Ó yíjú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí ibi góòlù ẹgbẹ́ tirẹ̀, bí ẹni tó ṣìnà. Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òun náà wó lulẹ̀.

Ọpọlọ rẹ̀ ti wú. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi sùn láìmọ ibi tó wà.

Ní ọjọ́ kẹta oorun náà ni Tinúọlá ṣí ìwé agbóhùn-ara. Ẹ̀rọ kékeré ni agbóhùn-ara, ó wà lẹ́yìn etí gbogbo eléré. Ó máa ń gbọ́ ohun tí ara ń sọ, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè èèyàn. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ó yẹ kó figbe ta. Tinúọlá fúnra rẹ̀ ló ti pa ohùn ẹ̀rọ ti Fadérera, kí igbe má bàa da iṣẹ́ okùn rú. Ó kà á láti wákàtí tí bọ́ọ̀lù bá Fadérera:

*Orí ń fọ́ mi. Ojú ń ṣú mi. Ẹ jẹ́ kí n jókòó. Orí ń fọ́ mi.*

Lójú ewé kejì, bákan náà. Lójú ewé ogún, bákan náà. Fún odidi ọjọ́ méje, ara ọmọ rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀, kò sì dé etí ọmọ náà fúnra rẹ̀.

Ó wólẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀. "Màámi, ẹ bú mi."

Ìyá Àgbà fà á dìde. "Kí ni n ó fi èébú ṣe? Èmi ni mo bá a gbé ọ̀pá rẹ̀ dé pápá lọ́jọ́ àṣekágbá."

Àwọn eléré mọ́kànlá mìíràn ní okùn náà lára. Tinúọlá pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n kúrò ní pápá. Àwọn kan dúpẹ́. Ọ̀kan ṣépè fún un, Tinúọlá sì gbọ́ ọ tán kó tó gbé fóònù sílẹ̀. Gbogbo irúgbìn tó kù nínú omi iyọ̀, ó jó wọn.

Fadérera jí. Ó rántí bí wọ́n ṣe ń di bàtà, ó rántí orin kan. Kò rántí ẹnikẹ́ni. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: kó gbé ọrùn dúró, kó di ṣíbí mú, kó jókòó, kó dìde. Tinúọlá fi yàrá iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá di ẹni tó ń bá ìyá rẹ̀ di ìbàdí aláìsàn mú.

Ní oṣù kẹjọ, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Fadérera ń rìn láàárín irin méjì. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Ó dúró, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

"Ẹ ṣeun, Dókítà," ó wí. "Ẹ̀yin lẹ máa ń wà níbí lójoojúmọ́. Ṣé ẹ bímọ nílé?"

Ìyá Àgbà yíjú sí ojú fèrèsé.

"Mo bí ọ̀kan," ni Tinúọlá wí. "Obìnrin."

"Ṣé ọmọ tó ń gbọ́ràn ni?"

"Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu."

Fadérera rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi kí i," ó ní, ó sì tún gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún.