Ajá Tí Kò Lórúkọ

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá pè é ní àlọ́, kó lọ wá Sìdíkàt rí ní Kùtọnu. Obìnrin náà ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á dòní.

Nọ́ọ̀sì àwọn ẹranko ni, ní ilé ìwòsàn ẹranko tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń kọ́ iṣẹ́. Ọmọ Ṣakété ni, kì í ṣojo. Ajá tó ń gé ènìyàn jẹ, ológbò tó ń họ ojú, òun ni wọ́n ń pè sí. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ràfíátù, ọmọ ọdún méje. Orúkọ ọmọ yìí ni gbogbo ilé ìwòsàn fi ń pè é: Ìyá Ràfíátù.

Àṣà kan wà níbi iṣẹ́ wọn. Tí wọ́n bá fún ẹranko ní abẹ́rẹ́ oorun, tí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ tán, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tì í, kó máa pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí yóò fi jí. Dókítà Ràṣídì, ọ̀gá wọn, kì í fi èyí ṣeré. Ó ní ẹranko tó bá ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ kì í sùn lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, bàbá kan tó ń jẹ́ Adélékan gbé ajá pupa kan wá láti àdúgbò Akpakpa, ajá tí kò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ. Alùpùpù ló kọlù ú. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti kán, lápá òsì.

"Bàbá, kí lorúkọ ajá yín?" Sìdíkàt mú bírò dání.

"Ajá ni. Ilé ló ń ṣọ́. Kí ló fẹ́ fi orúkọ ṣe?"

Bàbá bá tirẹ̀ lọ. Sìdíkàt fi àyè orúkọ sílẹ̀ lófìfo.

Aago kan ọ̀sán kọjá kí wọ́n tó to egungun náà tán. Àkókò ìsinmi ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ jẹun. Iná ti lọ, fáànù dúró, gbogbo ọgbà dákẹ́ rọ́rọ́. Ajá kò jí. Èémí rẹ̀ ń jìnnà síra. Ọ̀kan. Ó pẹ́. Òmíràn. Lẹ́yìn náà, kò sí mọ́.

"Pè é!" Dókítà ń tẹ àyà ajá.

"Kò lórúkọ, Dókítà."

"Pè é lóhunkóhun!"

Kò sí orúkọ tó wá sí Sìdíkàt lẹ́nu àfi ohun tó ń sọ láràárọ̀ létí ẹní ọmọ rẹ̀.

"Ràfíátù, dìde. Ilẹ̀ ti mọ́."

Ajá lajú.

Kò lajú bí ẹranko tí oorun ṣì ń kùn. Ó wo Sìdíkàt tààrà, bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Dókítà nu òógùn ojú rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Ràfíátù, o ti bímọ kejì!" Ajá gbé orí.

Nírọ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe ń pe ìrun ni Sìdíkàt délé. Ọmọ rẹ̀ jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

"Ràfíátù."

Kò dáhùn.

"Ràfíátù! Ṣé etí rẹ di ni?"

Ó fọwọ́ kàn án. Ọmọ náà yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ta lẹ ń pè?"

Lọ́jọ́ kejì, Dókítà ní, "Ajá rẹ kò jẹ́ ká gbádùn lánàá. Bí wọ́n ṣe ń pe ìrun, ó fi ẹsẹ̀ mẹ́ta dìde, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ké."

Láti ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni bá ti pe "Ìyá Ràfíátù" nínú ọgbà, ajá á gbé orí. Sìdíkàt pè é ní Bọ́bì. Ó pè é ní Mìlú. Etí rẹ̀ kò mì. Olùkọ́ sì ránṣẹ́ láti ilé ẹ̀kọ́: ọjọ́ mẹ́ta ni òun ti ń pe orúkọ Ràfíátù, tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ ẹ, ọmọ náà sì jókòó níwájú òun.

Lọ́jọ́ kẹrin, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tiro.

"Ẹsẹ̀ wo ló ń dùn ọ́?"

Ó na ti òsì.

Ta ni Sìdíkàt fẹ́ sọ fún? Wọ́n á ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ó wọ yàrá lọ, ó sunkún.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, egbò ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Dókítà ní ó lè gba pé kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá Adélékan.

"Kí ni ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fẹ́ ṣọ́?" ni bàbá wí. "Ẹ gún un lábẹ́rẹ́, kó sùn lọ. Ibo ni kí n ti fọwọ́ sí i?"

Dókítà na ìwé sí i. Ó ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́.

Sìdíkàt kúnlẹ̀ gbì. "Bàbá, ẹ má pa á. Ẹ fún mi."

"Ajá lásán?"

"Ẹ fún mi, nítorí Ọlọ́run."

Bàbá gbé bírò sílẹ̀. "Máa mú un lọ."

Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́ ló ń fọ egbò náà. Bó ṣe ń jiná ni ọmọ ń dẹ́kun títiro. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Sìdíkàt dúró láàárín yàrá, ó ní, "Ràfíátù, dìde. Ilẹ̀ ti mọ́." Ọmọ dìde. Ajá dìde. Àwọn méjèèjì wò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọdún kẹsàn-án nìyí. Ẹran tó dára jù nínú ọbẹ̀, ti ajá ni. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kì í yẹ̀. Kì í jẹ́ kó dé etí títì. Àwọn aládùúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Ìyá Ajá. Iṣẹ́ rẹ̀ ló mọ̀. Ó mọ iye ọdún tí ajá ń lò láyé. Mẹ́wàá. Tó bá rí ìtọ́jú, mẹ́tàlá.

Irun ẹnu ajá náà ti funfun. Awọ funfun ti ń bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, ó ń forí gbá ògiri.

Ràfíátù pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lóṣù tó kọjá. Lánàá, lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn kún inú yàrá, ó gbé ìwé rẹ̀ súnmọ́ ojú, ó tún gbé e súnmọ́ ọn sí i.

"Màmá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tan iná."