Àwàdà Tí Mo Fi Gba Ipò

"Ẹ̀yin adìyẹ wa ọ̀wọ́n!"

Bí ọ̀rẹ́ mi ṣe kí àwọn adájọ́ nìyẹn, lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ fi àríyànjiyàn dánra wò ní kíláàsì. Adájọ́ ló fẹ́ sọ. Ahọ́n rẹ̀ ló sáré jù. Ẹ̀rín pa wá débi pé tíṣà wa ń nu omi ojú. Láti ọjọ́ náà, Aládìyẹ ló ń jẹ́. Tó bá ti wọlé, èmi á kọ bí àkùkọ: "Kùkùrùkúù!" Òun gan-an ló máa ń rẹ́rìn-ín jù.

Nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ yan ẹni kan tí yóò ṣojú ilé ìwé wa níbi ìdíje àríyànjiyàn. Ó ku èmi àti òun nìkan. Ó ti tó ọdún méjì tí ipò yìí ti ń wù mí. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, mo sì ṣe dáadáa. Nígbà tí òun bọ́ síwájú, ojú àwa méjèèjì ṣe mẹ́rin. Mo mọ̀ pé bó bá fi lè bẹ̀rẹ̀ láìṣi ọ̀rọ̀ sọ, ipò ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu, mo rọra kọ: "Kùkùrùkúù."

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin adì..."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ó dúró, kò rántí ọ̀rọ̀ kankan mọ́, títí tíṣà fi ní kó lọ jókòó. Èmi ni wọ́n mú.

Níbi tí mo ti ń wá ibi tí màá fojú sí, ó sáré wá dì mọ́ mi.

"O ṣeun jàre, àkùkọ mi," ó ní. "Mo mọ̀ pé kí ọkàn mi lè balẹ̀ lo ṣe kọ bí àkùkọ. Èmi ni mi ò ṣe é re."

Ìbínú rẹ̀ ni mo ti ń retí.

"Rárá," mo ní. "Mo fẹ́ kí o ṣi ọ̀rọ̀ sọ ni."

Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́rùn mi díẹ̀díẹ̀.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún tíṣà. Wọ́n ní: "Ìwọ? Sí ọ̀rẹ́ ẹ?" Wọ́n gba ipò náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e fún un.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kó tó bá mi sọ̀rọ̀. A tún ti ń ṣeré báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá fi í ṣẹ̀fẹ̀, ó máa ń kọ́kọ́ wo ojú mi ná, kó tó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá jẹ́ kí ẹ fi àṣìsọ òun ṣe yẹ̀yẹ́, ó fọkàn tán yín ni. Ẹ má fi ìfọkàntán náà ṣe é níbi.