Rídò Yàrá Oyèkẹ́mi

Gbogbo aṣọ tí mo ti mọ̀ láyé mi, sísúnkì ni wọ́n ń súnkì. A ó fọ̀ wọ́n, oòrùn á pa wọ́n, wọ́n á kúrú sí i. Rídò yàrá Oyèkẹ́mi, ọmọ ọmọ mi, aṣọ tí a gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ni mo kọ́kọ́ rí tó ń gùn. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo ṣàkíyèsí rẹ̀, mo ní ojú arúgbó ló ń ṣe mí. Mo fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, mo tún un wọ̀n. Kì í ṣe ojú mi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà ní mò ń ṣèrànrán.

Ọkọ mi, Fábọ̀dé, kú nígbà tí a ń kó àgbàdo wọlé, ní abúlé wa níbí lẹ́bàá Kpoulou. Ó dàgbà, ó rí ọmọ, ó rí ọmọ ọmọ, a ò sunkún jù. Ẹni tí ikú Fábọ̀dé dùn jù lọ ni Oyèkẹ́mi, ọmọ tí Fáṣèyí ọmọ wa bí. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti mọ ìrìn, ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ àgbà ló ń tọ̀. Orí ẹní kan náà ni wọ́n ń sùn, inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Bàbá á yọ ẹran fún un, á ní eyín òun ò ká a mọ́. Irọ́ ni o! Eyín ọkùnrin yẹn ń fọ́ èkùrọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Nígbà tí a sin ín tán, Kẹ́mi ò jẹun mọ́, kò sùn mọ́. Yàrá bàbá tí a ti tì pa, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló ń jókòó sí látàárọ̀. Bí a bá bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀, á ní, "Bàbá àgbà ń pè mí." Ó rù, ọrùn rẹ̀ di tín-ín-rín. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ níhìn-ín: òkú tó bá fẹ́ràn ọmọdé jù, ó lè fà á mọ́ra lọ. Nadège, ìyàwó Fáṣèyí, kò sọ ọ́ jáde. Ṣùgbọ́n mo rí bó ṣe ń di apá ọmọ náà mú, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Òun náà ló mú ìmọ̀ràn wá. Ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká ṣí yàrá yẹn, ká tún un ṣe, kó di ti Kẹ́mi. Bó bá ti jẹ́ yàrá tirẹ̀, kò ní jẹ́ yàrá òkú mọ́."

Ó mú fóònù jáde, ó fi yàrá àwọn ọmọ olówó hàn wá: ibùsùn tó ń dán, ìràwọ̀ lára ògiri, rídò oríṣiríṣi. Fáṣèyí, tó ń fi alùpùpù gbé èrò, wò ó, ó káwọ́ lérí. "Ṣé kí n ta alùpùpù ni?"

Mo ní, "Dákẹ́ ariwo. Ta ló bẹ̀ ọ́ lówó? Iṣẹ́ la bẹ̀ ọ́."

Bẹ́ẹ̀ la bẹ̀rẹ̀. A fi ẹfun kun ògiri. Nadège da búlúù tí a fi ń fọ aṣọ sínú ẹfun náà, ògiri wá dà bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Fáṣèyí gé ọ̀pá imọ̀ ọ̀pẹ, ó fi kan ibùsùn kékeré, mo hun ẹní tuntun lé e lórí. Ó mú agolo tòmátì tó ti ṣófo, ó fi ìṣó lu ihò sí i lára, ó gbé e kọ́ sókè. Bí a bá tan iná sínú rẹ̀, ìràwọ̀ á kún ara ògiri. Kẹ́mi ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń wò.

Rídò ló kù. Aṣọ ọkọ mi tó dára, àwọn ọmọ ti pín wọn. Aṣọ oko rẹ̀ ló kù lọ́wọ́ mi: ṣòkòtò tó ti ṣá, bùbá tí ọrùn rẹ̀ ti gbó, dàńṣíkí kan. Nadège ní ká gé wọn gbọọrọ gbọọrọ, ká tò wọ́n pọ̀, ká gé aṣọ pupa bí eyín ayùn yí etí wọn ká. Ó ní bẹ́ẹ̀ lòun ṣe rí i nínú fóònù. Ó lọ rán an lórí ẹ̀rọ Bàṣírátù, aránṣọ àdúgbò wa. Ẹnu ọ̀nà náà ò ga, ọkọ mi ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé, síbẹ̀ aṣọ ò tó. Rídò náà ò dé ìdajì. A gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo sún sẹ́yìn wò ó, orí mi wú. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ara wọn, eyín pupa yí wọn ká. Mo ti rí irú rẹ̀ rí, lọ́jọ́ tí àwọn ará ọ̀run ń jáde, tí àwa obìnrin ń sún sẹ́yìn. Bí obìnrin mọ awo, kò gbọdọ̀ wí. Mo sọ fún ara mi pé rídò ni, rídò lásán.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Kẹ́mi wọlé, ó dùbúlẹ̀, ó sùn. Sùn kẹ̀? Ó ń hanrun! Nígbà tó jí, ó ní ebi ń pa òun. Ó jẹ ẹ̀kọ, ó jẹ àkàrà, ó fi ìka nu abọ́. Nadège sá wọ ilé ìdáná. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní èéfín ni. Inú mi dùn débi pé mo jó láàárín àwọn adìyẹ.

Kò pẹ́ sí i ni rídò bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ẹ̀là aṣọ kan lónìí, òmíràn bí ọjọ́ bá lọ díẹ̀. Mo rò pé Nadège ni.

"Ìyàwó, o kú iṣẹ́ o. Rídò ti ń sún mọ́ ilẹ̀."

Ó wò mí. "Ìyá, mo rò pé ẹ̀yin ni."

A jọ yíjú wo Fáṣèyí, ọkùnrin tí kò mọ orí abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀. A bú sẹ́rìn-ín. Mo lọ bá Bàṣírátù. Ó ní láti ọjọ́ tí rídò yẹn ti kúrò lórí ẹ̀rọ òun, òun ò fojú kàn án mọ́.

Mo wá fara balẹ̀ wo ojú rírán rẹ̀. Kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Òwú àpò àgbàdo ni wọ́n fi rán an, ó rí ràgàjì, ó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo mọ ọwọ́ yẹn. Bí ṣòkòtò oko ọkọ mi bá ya, kì í jẹ́ kí n bá òun rán an. Òwú àpò ló máa ń tú, á jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ, á máa rán an ní wíwọ́ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀nà tí ọ̀mùtí ń tọ̀ relé ló ń rán.

Ṣé ẹ̀rù bà mí? Kí n má purọ́, inú mi dùn ni. Mo ní, ó ti dé ilé rẹ̀ nìyẹn. Mo tiẹ̀ jowú díẹ̀, pé yàrá ọmọ ló wá, kò wá sí tèmi.

Àfi àárọ̀ tí mo rí ẹ̀là funfun kan tó ní ìlà aró. Ìyá mi ló hun aṣọ yẹn. Igun rẹ̀ kan jó nígbà tí iná àtùpà ta sí i, ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé mi wọ ilé yìí. Ọwọ́ èmi yìí ni mo fi tẹ́ ẹ sínú sàréè ọkọ mi. Ojú ibi tó jó náà rèé, lára rídò. Mo gbé e sí imú, ó ń rùn bí ilẹ̀ tútù. Mo sáré lọ sẹ́yìnkùlé. Sàréè wà bó ṣe wà, koríko ti bò ó, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Fáṣèyí àti Nadège lọ sí ọjà Ikpinlè. Kẹ́mi ń ṣeré lórí ibùsùn rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó ń dákẹ́, bí ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn. Níta, ewé ọ̀pẹ kan ò mì. Rídò náà ń mì.

Mo rọra bi í, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀, ìyá mi?"

"Bàbá àgbà. Wọ́n ní ó kù díẹ̀ kí aṣọ parí."

"Aṣọ wo?"

Ó nawọ́ sí rídò.

"Ta ló máa wọ̀ ọ́?"

"Ẹni tó máa bá wọn lọ. Wọ́n ní ibẹ̀ dára, ṣùgbọ́n àwọn ò fẹ́ máa dá sùn."

Mo mú okùn kan, mo fi wọn ọmọ náà láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín kó lè rò pé eré ni. Mo fi okùn náà wọn rídò. Wọ́n dọ́gba, kò lé, kò dín.

Mo ní kó lọ bá mi wá ẹyin adìyẹ. Nígbà tó jáde, mo jókòó sórí ibùsùn, mo rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá Fáṣèyí, ẹ gbọ́. Ẹ ṣeun, ọmọ ti ń jẹun, ó ti ń sùn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú un lọ. Kò tíì jẹ iyọ̀ tó. Ìyá rẹ̀ ò ní lè rù ú."

Rídò náà dúró sójú kan.

"Bó bá jẹ́ ẹni tí ẹ ó máa bá sùn lẹ ń wá, èmi ńkọ́? Ta ló tún lè fara da híhanrun yín? Ẹ rán an kó gùn sí i. Ẹ rán an kó bá èmi mu."

Òórùn aṣáà ọkọ mi ló kàn ta sí mi nímú, ó sì lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, rídò ti balẹ̀. Mo mọ ẹ̀là tuntun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án. Aṣọ ẹtù mi ni, èyí tí mo fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí de ọjọ́ tí wọn ó tẹ́ òkú èmi náà. Àpótí náà wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní bèbè ìdí mi. Nígbà tí mo ṣí i, aṣọ náà wà bí mo ṣe ká a gẹ́lẹ́, àfi etí rẹ̀ kan tí wọ́n ti gé. Mo fi okùn wọn ara mi. Mo fi wọn rídò. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nadège bi mí pé kí ló dé, mo ní èéfín ni.

Láti ọjọ́ náà, rídò ò gùn mọ́. Kẹ́mi ti sanra, ó ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́, ó ń kọ orin Faransé lábẹ́ ìràwọ̀ agolo rẹ̀. Èmi náà ń jẹun dáadáa. Mo ti kọ́ Nadège bí wọ́n ṣe ń hun ẹní, mo ti fi ẹnu pín àwọn adìyẹ mi. Ẹni tí wọ́n bá ti rán aṣọ fún kì í kánjú, ọjọ́ òde ló ń dúró dè.

Lánàá, Kẹ́mi jókòó lẹ́sẹ̀ mi, ó ní, "Ìyá àgbà, bí ẹ bá lọ tán, ṣé ẹ ó máa wá?"

Mi ò sọ fún ọmọ yìí rí pé mò ń lọ síbì kankan.

Mo ní, "Bí o bá rí rídò rẹ tó ń mì, tí atẹ́gùn ò fẹ́, kí mi."

Ó ronú. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa wà níbẹ̀. Ta ni kí n kọ́kọ́ kí?"

Mo ní kó kí bàbá rẹ̀ àgbà ṣáájú. Bó bá kí mi ṣáájú, ọkùnrin yẹn ò ní jẹ́ kí n sùn.