Ìṣẹ́jú Méjì Kò Tó

Ọjọ́ kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ rí Mujeeb. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti pinnu pé n óò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ wò ó ná. Ẹni mọ́kànlá ló dúró níwájú mi nínú kẹ́míìsì wa ní Agric, gbogbo wọn ń na bébà dókítà sí mi lójú.

"Nọ́ọ̀sì, èmi ni mo kọ́kọ́ dé o!"

"Àǹtí, ẹ bá mi wo ọmọ yìí, ara rẹ̀ gbóná."

Ọdún márùn-ún ni mo fi kàwé apòògùn ní yunifásítì. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ta ló ráyè àlàyé? Ibi tí mo ti ń wá oògùn ibà ni fóònù ti dún. Ọ̀gá mi ni, Ọ̀gbẹ́ni Afọlábí. Apòògùn lòun náà, àmọ́ ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti dúró nídìí káńtà kẹ́yìn. Ilé ló ń jókòó sí, tó ń fi kámẹ́rà ṣọ́ mi.

"Tiwalọlá! Kọsítọ́mà kan, ìṣẹ́jú méjì! Ìyá yẹn ti lo márùn-ún!"

Òfin rẹ̀ nìyẹn. Omijé sì lé ròrò sí mi lójú níwájú gbogbo ayé.

Ọkùnrin kan tó dúró lẹ́yìn pátápátá ló rí i. Ó ga, aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀, èèrí ìrẹsì wà lórí fìlà rẹ̀. Ó yíjú sí àwọn èrò.

"Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tò. Ọwọ́ méjì péré ni Ọlọ́run fún wọn. Ìyá, ẹ bọ́ síwájú, ọmọ lẹ gbé lọ́wọ́."

Ẹ ò ní gbà gbọ́, wọ́n tò! Nígbà tó kan òun fúnra rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ rọra ṣe tèmi, Àǹtí Apòògùn. Èmi ò kánjú."

Àǹtí Apòògùn! Ẹni àkọ́kọ́ tó pè mí bó ṣe yẹ nìyẹn. Ọkàn mi ṣí lọ díẹ̀, mi ò ní purọ́.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Mujeeb, ó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ọlọ ìrẹsì tó wà ní Ìmọ̀tà, ó sì háyà yàrá kan ní Lásùnwọ̀n. Oògùn ìtọ̀ ṣúgà màmá rẹ̀ ló ń wá rà lóṣooṣù, ó máa ń gbé e lọ fún wọn ní Ẹ̀pẹ́. Àmọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, oṣù rẹ̀ wá ń pé lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Lónìí á ní òun fẹ́ ra páràsítámọ́ọ̀, lọ́la á ní báńdéèjì. Mo bi í pé ṣé ọgbẹ́ ń jáde sí i lára lójoojúmọ́ ni.

"Ọkàn mi ló gbọgbẹ́," ó ní. "Ṣé ẹ ní tiẹ̀?"

Ẹnu dùn! Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́ ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Wákàtí mọ́kànlá ni mo fi ń dúró lóòjọ́, ẹsẹ̀ mi a wú bí àkàrà. Àkókò oúnjẹ kò sí. Mujeeb á gbé ìkọ́kọrẹ́ tí màmá rẹ̀ sè wá nínú kúlà, n óò sì máa jẹ ẹ́ lóòró láàárín àwọn páálí oògùn nínú yàrá ẹ̀yìn. Màmá náà, Àlájà Mùsílímátù, á máa bi í lórí fóònù pé, "Ṣé apòògùn yẹn ti jẹun?" Mi ò tíì rí obìnrin náà rí, mo ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Láàárín oṣù mẹ́ta, "ẹ" ti di "o" láàárín àwa méjèèjì, mo sì ti di "Apòògùn mi". Mo sọ fún màmá mi ní Ìkirè pé mo ti rí ẹni tí mo fẹ́.

"Mùsùlùmí ni?" ni wọ́n béèrè. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Bàbá tó bí mi lọ́mọ náà kéwú. Ṣáà jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbà ọ́ tọkàntọkàn. Ilé tí ìyá ọkọ kò bá ti fẹ́ni, ẹrù ibẹ̀ wúwo."

Ọjọ́ méjì kí oṣù ààwẹ̀ tó lé ni mo ṣe àṣìṣe mi.

Mujeeb wá gba oògùn Màmá. Èrò kún. A sọ̀rọ̀ díẹ̀, a rẹ́rìn-ín, ni fóònù bá dún.

"Ìwọ àti ọkùnrin yẹn ti lo ìṣẹ́jú mẹ́rin! Ṣé ilé ìfẹ́ ni mo ṣí ni?"

Ojú tì mí débi pé mo sáré wé oògùn náà. Mo kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ bí mo ṣe máa ń kọ ọ́: ọ̀kan láràárọ̀, pẹ̀lú oúnjẹ. Mo tì í sí Mujeeb lọ́wọ́. Mi ò béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo tó yẹ kí n béèrè: ṣé Màmá máa gbààwẹ̀?

Ní ọjọ́ kẹfà ààwẹ̀, Mujeeb pè mí. Àlájà ti dákú sórí igbá ẹja wọn ní ọjà Olúwo. Ọsibítù ni wọ́n gbé wọn lọ, wọ́n fún wọn lómi ṣúgà, Àlájà sì lajú.

"Àwọn ará ilé ní oòrùn ọjà àti àgbà ni," ó ní. "Apòògùn mi, díẹ̀ ló kù kí n di ọmọ òrukàn."

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe oòrùn. Ìdájí, nígbà sààrì, ni Màmá ń lo oògùn tó ń lé ṣúgà wálẹ̀, wọ́n á bù díẹ̀ jẹ, wọ́n á sì wà láìjẹun di ìrọ̀lẹ́. Ṣúgà kò ní ibòmíràn tó máa gbà ju ilẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ àfi èmi.

Mo pe màmá mi, mo sọkún títí.

"Ṣé wọ́n ti gbádùn?"

"Wọ́n ti gbádùn, mà."

"Ó tán nìyẹn. Pa ẹnu ẹ mọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tó o bá sọ ọ́, o ti pàdánù ọkọ, o ti pàdánù iṣẹ́."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ ṣì ku ọjọ́ mẹ́rìnlélógún, oògùn yẹn sì wà lórí tábìlì obìnrin tó ń se ìkọ́kọrẹ́ fún mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa jẹ ẹ́?

Mo sọ fún Mujeeb lójú ọ̀nà Lásùnwọ̀n, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ó tẹ́tí sí mi dópin.

"Ká ní o béèrè, ṣé o mọ ohun tí ò bá sọ?"

"Ǹ bá ní kí wọ́n má lò ó láàárọ̀ mọ́. Ǹ bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ dókítà."

Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Mo ní láti lọ kìlọ̀ fún Màmá," ó ní. Ó sì lọ.

Kò pè mí lọ́jọ́ yẹn. Kò pè mí lọ́jọ́ kejì, kò pè mí lọ́jọ́ kẹta. Ẹni tó pè mí ni àbúrò màmá rẹ̀, Hasanat. Ó kàn bú mi ni. Ó ní tí òun bá gbọ́ orúkọ mi mọ́ nílé àwọn, ariwo máa ta.

Mo sọ fún ọ̀gá mi náà, mo sì ní mo fẹ́ gba ọjọ́ Àìkú láti lọ bẹ Àlájà ní Ẹ̀pẹ́.

"Ta ló ní kó o sọ ọ́?" ó kígbe. "Ṣé o fẹ́ ti kẹ́míìsì mi ni? Tó o bá lọ, má padà!"

Mo lọ. Ọkọ̀ gba Ìmọ̀tà kọjá, mo wo ọ̀nà ọlọ ìrẹsì, mo wo ilẹ̀.

Mo rò pé n óò bá Màmá nìkan. Àṣé ọjọ́ asàlátù ni! Nítorí pé Àlájà kò lè lọ, gbogbo àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ti wá bá wọn nílé, ogún obìnrin pẹ̀lú ìborùn funfun lórí ẹní. Hasanat rí mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Òun rèé! Apààyàn dé!"

Orúnkún mi kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. Obìnrin kúkúrú kan tó dúdú tó sì ń dán gbé ọwọ́ sókè. Ojú Mujeeb gan-an ló wà lójú rẹ̀.

"Hasanat, dákẹ́. Ọmọ, sọ tiẹ̀."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi bò: èrò, fóònù, ìṣẹ́jú méjì, ìbéèrè tí mi ò béèrè. Mo ní, "Ẹ fi orí jì mí, Màmá. Ẹ̀rù ọ̀gá ló bà mí, mo gbàgbé yín."

Àlájà Mùsílímátù kọjú sí àwọn obìnrin.

"Nínú yín, ẹni tó bá ń lo oògùn ṣúgà tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, kó nawọ́."

Ọwọ́ mẹ́sàn-án ló gòkè.

"Ta ni apòògùn tàbí dókítà bi léèrè ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ kó tó fún un lóògùn?"

Gbogbo ọwọ́ wálẹ̀.

"Ẹ rí i?" Màmá ní. "Ọ̀pọ̀ ló ti ṣe irú ẹ̀. Ẹyọ kan yìí ló wá sọ. Ọmọ, dìde. Mú bébà. Bẹ̀rẹ̀ látorí Ìyá Bùsàrí yẹn. Ẹni tó o bá bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì péré, n óò lé ẹ jáde nílé mi!"

Ẹ̀rín bú. Mo jókòó sórí ẹní, mo ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: kí lẹ ń lò, ìgbà wo, kí lẹ ń jẹ ní sààrì? Ẹni mẹ́ta ni mo kọ ọ́ fún pé kí wọ́n rí dókítà wọn kílẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Ibẹ̀ ni mo wà títí wọ́n fi ń gé ìbẹ́pẹ fún ìṣínu. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, Mujeeb ló dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Mo bínú," ó ní nígbà tí a jọ bọ́ síta. "Mi ò parọ́. Ṣùgbọ́n ìbínú yẹn, ara mi náà ni mo ń bí i sí. Èmi ni mo gba oògùn. Mo mọ̀ pé wọ́n ń gbààwẹ̀, mi ò sì sọ."

"Ṣé o ṣì fẹ́ mi?"

"Apòògùn mi, ọjọ́ wo ni mi ò fẹ́ ọ?"

Mo sọkún, ó sọkún. Ṣùgbọ́n Hasanat tẹ̀ lé wa síta.

"Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀," ó ní. "Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa tún gba oògùn lọ́wọ́ yín nínú ilé yìí."

Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ kó ẹrù mi ní kẹ́míìsì. Ọ̀gá Afọlábí ni mo bá lórí ìjókòó nídìí káńtà, ó ti bọ́ bàtà. Òun ló dá èrò ọjọ́ Àìkú lóhùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú ju tèmi lọ.

"Obìnrin kan bi mí ní ìbéèrè méje," ó ní láìwojú mi. "Méje! Tiwalọlá, ìṣẹ́jú méjì kò tó." Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. "N óò wá ẹnì kejì tí ẹ óò jọ máa ṣe é."

Lẹ́yìn Iléyá, màmá mi wá láti Ìkirè pẹ̀lú dòdò tí wọ́n dì sínú ewé, àwọn ẹbí méjèèjì sì jókòó pọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ láti mọ ara wọn. Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé kí Hasanat tó wú ikọ́.

"Mi ò kọ̀ ọ́ o. Ṣùgbọ́n kí wọ́n bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè bóyá ọkàn wọn balẹ̀."

Màmá mi di ọwọ́ mi mú. Àlájà na ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n fa ọ̀rá dúdú kan yọ, gbogbo oògùn wọn ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé e lé mi lẹ́sẹ̀.

"Ìyàwó mi, àkókò oògùn mi ti tó. Fún mi."

"Ṣé ẹ ti jẹun, Màmá?"

"Mo ti jẹun."

"Kí lẹ jẹ?"

"Ẹ̀bà, pẹ̀lú ẹja. Ó tó bí ìkúùkù."

Mo ka ohun tí dókítà wọn kọ, mo tún un kà, mo mú hóró kan, mo fi í sí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Àlájà jù ú sẹ́nu, wọ́n sì mu omi lé e. Wọn ò tilẹ̀ wò ó.

Hasanat wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wò mí, ó wá ṣí báàgì rẹ̀, ó wá a títí, ó mú páálí oògùn kékeré kan jáde.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ẹ̀jẹ̀ ríru ni tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kánjú."