Ẹni Tó Fọ Ẹsẹ̀ Olúgbémiga

Òjò tó rọ̀ ní Roodepoort lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde yẹn, tí Nóà bá rí i, á tún padà lọ wá pákó. Èmi ni mo wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa, mò ń gba bàtà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, torí a kì í wọ bàtà wọlé. Gbogbo ẹni tó ń wọlé, omi ń ro tótó lára wọn. Bàbá àgbàlagbà kan wá dé. Aṣọ ẹ̀ gbẹ. Fìlà ẹ̀ gbẹ. Kò sí agbòòrùn lọ́wọ́ ẹ̀, mi ò sì rí mọ́tò tó gbé e wá.

Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Bàtà yín ńkọ́?"

"Mi ò wọ bàtà wá." Ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Níbo lẹ ti ń bọ̀ nínú òtútù yìí?"

"Ó jìnnà díẹ̀. Ṣé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ̀ fífọ̀?"

Ó kọjá lára mi, òórùn ọṣẹ dúdú gba imú mi. Àlejò ni, àmọ́ kò béèrè ibi tó máa jókòó sí.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ọmọ mi Ìbíjọkẹ́, tó jẹ́ dókítà, ló mú mi wá sí Johannesburg pé kí n wá sinmi. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ò tóbi, àwa Yorùbá la pọ̀ jù níbẹ̀. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ yẹn, a máa ń fọ ẹsẹ̀ ara wa. Bá a ṣe ń ṣe é ni pé ẹni tó ń fọ̀ á béèrè pé, "Kí ni kí n bá ọ dà nù?" Ẹni tí wọ́n ń fọ ẹsẹ̀ ẹ̀ á wá sọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ń tì í lójú sí i létí. Onítọ̀hún á gbé omi náà síta, á dà á nù, kò sì ní sọ ọ́ fẹ́nì kankan títí wọ́n á fi sin ín.

Ó dáa lẹ́nu. Àmọ́ àwọn ẹ̀ṣẹ̀ wẹ́wẹ́ la máa ń mú wá. Ìbínú ni ọmọ mi ń sọ lọ́dọọdún. Èmi máa ń ní mo fẹ́ràn ẹran jù. Tí wọ́n bá kó gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tá a ti dà nù níbẹ̀ jọ, kò lè kún ìdérí ìgò.

Lọ́dún yẹn, Olúgbémiga ni gbogbo ojú ń wò. Ẹnjiníà ni, èèyàn jẹ́jẹ́, wọ́n sì fẹ́ fi í jẹ alàgbà lọ́jọ́ Àjíǹde. Òun ló máa ń fi mọ́tò gbé mi lọ sílé. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, a dúró ní robot, iná ojú títì tó ń dá mọ́tò dúró, ó kàn pa rédíò.

"Bàbá," ó ní, "bàbá mi ò kú."

Mo rò pé ìwàásù ló ń ṣe fún mi. Mo ní, "Àmín. Ó wà lọ́dọ̀ Olúwa."

"Rárá, sà. Ó wà ní Ìlá."

Òtútù mú mi dé inú ọpọlọ. Lọ́dún tó ṣáájú la ṣe ìsìn ìdágbére fún bàbá yẹn. A kọrin, a sunkún. Ẹran tí mo jẹ níbẹ̀, tí wọ́n bá tò ó padà, á dìde, á ké.

Ló bá sọ fún mi. Agbépòó ni bàbá ẹ̀. Ìgbẹ́ aráyé ló rù lórí tó fi rán an lọ sí yunifásítì. Àmọ́ Olúgbémiga ti sọ fún Fèyíkẹ́ ìyàwó ẹ̀ pé hẹdimásítà ni. Ìgbà táwọn àna ẹ̀ wá ní àwọn fẹ́ lọ kí hẹdimásítà nílé, ojú tì í, ló bá ní ó ti kú.

"Tí mi ò bá sọ ọ́ lọ́jọ́ ẹsẹ̀ fífọ̀, irọ́ ni mo fẹ́ fi jẹ alàgbà," ó ní. "Tí mo bá sì sọ ọ́, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo Fèyíkẹ́? Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo bàbá mi?"

"Eish," ni mo ní, báwọn ará ibí ṣe máa ń ké. Èmi tí ọ̀rọ̀ kì í dúró lẹ́nu mi, mo gbé ìyẹn mì.

Nígbà tó kan Olúgbémiga lọ́jọ́ ẹsẹ̀ fífọ̀ yẹn, Pásítọ̀ kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀. Èmi ni mo mú táwẹ́ẹ̀lì dání. Bàbá àlejò yẹn wá, ó fọwọ́ kan èjìká Pásítọ̀. Pásítọ̀ tí kì í yẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ó dìde, ó yẹ̀ fún un. Ni bàbá arúgbó bá kúnlẹ̀. Gbogbo ilé ń kùn.

Olúgbémiga ti dijú. Bàbá náà ń fọ ẹsẹ̀ ẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń wẹ ọmọ tuntun, ó ń fi àtàǹpàkò wọ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Kí ni kí n bá ọ dà nù?"

Olúgbémiga lajú. Ojú ẹ̀ funfun bí ẹfun.

"Bàbá," ó ní, wúyẹ́wúyẹ́.

"Sọ ọ́. Iṣẹ́ mi ni."

"Mo sin yín láàyè. Ẹ̀ ń tì mí lójú."

"Ṣé ó tán?"

"Ó tán, sà."

Omi tí mo fọwọ́ ara mi pọn níbi ẹ̀rọ, ó dúdú. Òórùn tó jáde nínú ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ṣáláńgá ayé àtijọ́, ẹ mọ̀ ọ́n. Gbogbo ilé fọwọ́ bo imú. Bàbá náà gbé báàfù yẹn ka orí, ó fọwọ́ kan dì í mú, ó yára rìn báwọn agbépòó ṣe máa ń rìn nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tá a máa ń sá fún wọn. Mo tẹ̀ lé e síta. Géètì wà ní títì. Kò sẹ́nì kankan. A ò rí báàfù yẹn títí dòní.

Nígbà tí mo padà wọlé, Olúgbémiga ti dìde, ó ń sọ gbogbo ẹ̀ sókè, láìfi nǹkan kan pa mọ́.

Fèyíkẹ́ ò pariwo. Ó kàn kọjú sí ọkọ ẹ̀, ó fi orúkọ ọmọ wọn pè é, ó ní, "Daddy Bólúwají, ta la wá sunkún fún?"

Olúgbémiga pe Rìnsọ́lá àbúrò ẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ bàbá wọn ní Ìlá, ó tẹ fóònù kí gbogbo wa lè gbọ́. Gbogbo wa ti gbà pé òkú ló wá. Mo ti ń ṣí fìlà.

"Bàbá kẹ̀?" Rìnsọ́lá ní. "Wọ́n sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà mí o. Omi ń kán lọ́wọ́ wọn. Mo nù ún, mo nù ún, kò gbẹ. Wọ́n ní kí n fún wọn ní fóònù."

Ohùn àlejò yẹn gan-an ló dé.

"Gbémiga," ó ní, "ṣé omi yẹn ò tutù jù fún ẹ?"

Kò sí ìbínú kankan nínú ohùn náà. Ìyẹn ló pa wá. Gbogbo àwa tá a jẹ ẹran ìsìnkú ẹ̀, a dorí kodò, kò sẹ́ni tó lè wo ẹnì kejì ẹ̀ lójú. Olúgbémiga la ẹnu, ẹkún ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Bàbá náà ò pa fóònù. Ó ń dúró dè é, a sì ń gbọ́ omi lọ́dọ̀ ẹ̀ lọ́hùn-ún, tó ń kán sílẹ̀.