Ohùn tí Wọ́n Jí

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ìjọba ti fún mi ní ọkọ̀. Tí mo bá ti wọlé, mo máa pa ìyanṣẹ́lódì yẹn rẹ́."

Ohùn Ìyá Ìbejì ni, kò sì sọ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Inú fóònù akọ̀wé ilé ìwé ló ti gbọ́ ọ, nígbà tí ìdìbò ku ọ̀la. Ó jókòó sórí páálí ìwé. Òun ló ń du ipò alága ẹgbẹ́ olùkọ́, òun sì ni àwọn tí ìjọba fẹ́ lé lẹ́nu iṣẹ́, tí ẹgbẹ́ fẹ́ torí wọn yanṣẹ́ lódì, gbójú lé. Kó tó di ọ̀sán, ohùn náà ti dé gbogbo ilé ìwé. Àwọn tó ń pè é ní ìyá wa lánàá ń gba ẹ̀yìn kíláàsì kọjá kí wọ́n má baà kí i.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ni kò sá. Olùkọ́ èdè ni obìnrin náà. Àmì-Ohùn ni wọ́n ń pè é, torí kò lè gbọ́ àṣìpè kó má tún un ṣe. Ó ti tún ọ̀rọ̀ ṣe mọ́ pásítọ̀ lẹ́nu rí, lórí ìwàásù. Àtìgbà tí wọ́n ti jọ gbaṣẹ́ ni wọ́n ti jọ ń lo tábìlì kan, òun ló sì ń kọ ọ̀rọ̀ ìpolongo fún Ìyá Ìbejì. Ó dì mọ́ ọn, ó bá a sunkún, ó ní Olùkọ́ Ìṣirò tí wọ́n jọ ń du ipò ló wà nídìí ẹ̀.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí àwọn ọlọ́pàá rán wá fọ̀rọ̀ wá Olùkọ́ Ìṣirò lẹ́nu wò títí, pàbó ló já sí. Nọ́ńbà tó kọ́kọ́ fi ohùn náà ránṣẹ́ kò sì lọ mọ́.

"Ta ló lè sín yín jẹ tó báyìí?" ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà bi Ìyá Ìbejì.

Ìyá Ìbejì tún ohùn náà gbọ́. Ó gbọ́ bí òun ṣe máa ń mí kanlẹ̀ kóun tó sọ̀rọ̀, ohun tí ẹni tó bá jókòó ti òun nìkan lè mọ̀. Bíkú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ó sọ nǹkan sí ọlọ́pàá náà létí, ó wá ń bẹ Ọlọ́run pé kó má rí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n pe gbogbo olùkọ́ jọ. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gbé gíláàsì wọ̀, ó ń ka ọ̀rọ̀ inú fóònù náà tó dà kọ: "Ìjọba ti fún mi ní ọkọ."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó tún un kà: ọkọ. Ìyá Ìbejì ń wo ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀. Jọ̀ọ́, dákẹ́, ló ń sọ nínú ọkàn rẹ̀. Jọ̀ọ́.

"Ọkọ̀ ni mo pè," ni Àmì-Ohùn wí. "N ò pe ọkọ."

Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ rí bíi ti ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́. Ìgbà tó rí ojú àwọn yòókù ló tó yé e. Ó fò dìde, ó já gba yàrá ìkàwé, ó gba ojú fèrèsé bọ́ síta. Ẹnu géètì ni wọ́n ti mú un, níbi tó ti ń gbìyànjú láti ju fóònù kejì, èyí tó fi rán ohùn náà, sínú gọ́tà.

"Ta ló rán ẹ?" ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bi í.

"Olùkọ́ Ìṣirò. Ó ní òun máa fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́."

"O sì gbà?"

Ìyá Ìbejì ló kọjú sí. "Èmi ń kọ ọ̀rọ̀, ìwọ ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. O ò bi mí lọ́jọ́ kan bóyá èmi náà ń fẹ́ nǹkan." Lẹ́yìn náà ló wá kúnlẹ̀, tó ní kó dárí ji òun.

"Ohùn mi lo jí," ni Ìyá Ìbejì wí. "Dá a padà kó o tó lọ."

Láàárọ̀ ìdìbò, wọ́n mú Àmì-Ohùn dúró níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ó mí kanlẹ̀, ó sì fi ohùn Ìyá Ìbejì sọ pé: "Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn." Èrò hó yèè. Àwọn tó ti ń sá fún Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, wọ́n sì dìbò fún un títí ó fi wọlé. Wọ́n ti Olùkọ́ Ìṣirò àti Àmì-Ohùn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ara tu Ìyá Ìbejì. Ó bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́, ó dúpẹ́ títí ẹnu fi ń ro ó. Ó wá yọ fóònù láti sọ fún ẹni tó máa ń kọ́kọ́ sọ fún bí ayọ̀ bá dé, ó rántí ibi tí ẹni náà wà, ó sì bú sẹ́kún.